Ẹni Tó Ka Orí Kẹta

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ yẹn, ẹ bọ́ síwájú, àga ò jẹni. Ẹni tó ń jẹ nǹkan, kó gbé e mì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún, kó sọ fún un pé kó lọ sùn díẹ̀. Etí méjèèjì ni ìtàn yìí ń fẹ́. Ẹ má fi ọ̀kan gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá máa bi mí lọ́la pé kí ló dún lẹ́yìn yín.

Obìnrin kan wà. Tíṣà là ń pè é. Kí nìdí? Torí pé tíṣà ni. Ẹ rí i? Mi ò ní fi ìtàn yìí da yín láàmú.

Láàárọ̀, Tíṣà á kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, á gbọn ẹfun ojú pátákó kúrò lára aṣọ, á ki bírò pupa tó fi ń máàkì sínú báàgì, á sì gba yunifásítì lọ, níbi tóun náà ti di ọmọ iléèwé. Oyè kejì nínú ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lé. Ọdún méjì ni wọ́n ní kó fi lé e bá. Ọdún kẹrin rèé, ẹsẹ̀ oyè ló ṣì ń rí, kò rí ojú ẹ̀.

Ìyá ẹ̀ ò kúkú jẹ́ kó gbàgbé. Ó ní, "Ìwé kan ṣoṣo yìí náà lò ń kọ láti ìgbà yẹn? Mo lóyún ẹ, mo bí ọ, mo já ọ lẹ́nu ọmú, mo tún lóyún àbúrò ẹ, gbogbo ẹ̀ ò tó ọdún mẹ́rin."

Tíṣà ní, "Mọ́mì, ti ọmọ rọrùn. Wọn ò ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti bímọ ṣáájú yín sísàlẹ̀ ọmọ."

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an?"

"Wọ́n ní kí n ka ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ tún ìtàn náà sọ fún wọn. Ohun témi rí nínú ẹ̀ ni kí n sọ. Kí n tó sọ ọ́, kí n kọ́kọ́ sọ ohun táwọn aṣáájú ti rí, ẹni tó rí i, ìwé tó ti sọ ọ́, ojú ewé tó wà. Lẹ́yìn náà, kí n wá sọ ibi témi àti wọn ò ti gba fún ara wa."

"Ìjà ni wọ́n ń kọ́ yín nígbà yẹn."

"Ìjà ni, Mà. Ṣùgbọ́n tòun ti ìkúnlẹ̀."

Ohun tí Tíṣà ń kọ lé lórí ni àwọn lẹ́tà inú ìwé ìtàn, àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ tí wọn ò rí èsì. Orí márùn-ún ni iṣẹ́ náà. Ó ti kọ méjì. Ìkẹta ló há a lọ́nà ọ̀fun.

Kì í ṣe pé kò rí i kọ o. Ó kọ ọ́. Òfin ló dènà fún un. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ òfin náà, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ tí Tíṣà wà, orí kankan kì í dé ọwọ́ alábòójútó àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá ti kà á, tó kọ èrò ẹ̀ sí etí ìwé, tó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè kan, níbi tí wọ́n kọ "Òǹkàwé" sí. Ẹni méjì méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀. Ka tèmi, kí n ka tìẹ. Ẹni tó bá sì fi ìbuwọ́lùwé èké síbẹ̀, wọ́n á lé e bí ẹní lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo.

Ẹni tó ń ṣọ́ òfin yìí ni akọ̀wé ẹ̀ka, Màmá Òǹtẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ìwé tó kọjá lórí tábìlì ẹ̀ tí kò lu òǹtẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀ fún un ní káàdì ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ kan, ó wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, gbàù, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó kọ déètì sí i, ó ní, "Mo ti gbà á."

Ẹni tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Tíṣà ti gboyè lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tuntun tó bá bẹ̀, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú, mi ò tíì ka tara mi." Oṣù mẹ́jọ ló fi wá òǹkàwé bí ẹní wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Lẹ́tà wá dé láti ọ́fíìsì: tí orí kẹta ò bá wọlé, tòun ti fọ́ọ̀mù, kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ọdún mẹ́rin á bómi lọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń kọ̀wé wà ní òkè kẹta. Tábìlì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fáànù kan tó ń ké bí arúgbó tí orúnkún ń dùn, àti ife tíì tí ẹnikẹ́ni ò mọ olówó ẹ̀. Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ débẹ̀, Màmá Òǹtẹ̀ ní, "Jókòó síbi tó bá wù ọ́, àfi tábìlì ojú fèrèsé."

"Kí ló ṣe é, Mà?"

"Ó lẹ́ni tó ni ín."

"Ta ni, Mà?"

"Mo ní ó lẹ́ni tó ni ín. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lo fẹ́ kí n fi tún un sọ ni?"

Ọdún mẹ́rin, Tíṣà ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti ṣàkíyèsí tí kò sọ fún ẹnìkan. Eruku bo tábìlì mẹ́ta tó kù. Ti ojú fèrèsé, kò ní eruku.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò rọ̀. Òrùlé jò sórí tábìlì Tíṣà, tó! tó! tó! Ó gbá ìwé ẹ̀ mọ́ra, ó wò yíká, ibi kan ṣoṣo tó gbẹ ni tábìlì ojú fèrèsé. Ó gbé orí kẹta síbẹ̀. Ó sáré lọ sí láìbírì, ó fẹ́ lọ wo ojú ewé kan tó gbàgbé láti kọ sílẹ̀. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìgbà tó dé, àga ojú fèrèsé ti kúrò níbi tó wà, ó ti yí ẹ̀yìn síta díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èérún pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ wà lórí tábìlì, igi ẹ̀ ń ta sánsán. Etí ìwé Tíṣà, láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ti kún fún ọwọ́ pẹ́ńsùlù wẹ́wẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ máa sá. Mo mọ̀ yín. Èmi gan-an, bàtà mi nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi oṣù mẹ́jọ wá òǹkàwé, tó bá rí òǹkàwé, kì í kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé ó ń mí.

Tíṣà jókòó, ó kà á. Ní ewé kìíní: *Ìtàn lò ń sọ fún mi. Mo ti ka ìwé náà. Kí ni ìwọ rí?*

Ní ewé kẹrin, níbi tó ti kọ pé àwọn onímọ̀ gbà bẹ́ẹ̀: *Àwọn onímọ̀ wo? Ṣé wọn ò lórúkọ ni? Ojú ewé mélòó?*

Ní ewé kẹsàn-án: *Ẹnu àwọn àgbà lo fi ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Tìẹ dà?*

Ní ewé kọkànlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kékeré kan tí Tíṣà ti fẹ́ pa rẹ́ torí pé ojú ń tì í: *Ibí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ. Kí ló pẹ́ ọ tó báyìí?*

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ti bá iṣẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí.

Ó lọ bá àwọn ọmọ tuntun nísàlẹ̀. "Ta ló gòkè wá nínú yín? Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an." Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gun òkè kẹta nínú òjò? Ṣé a jẹ ọ́fíìsì ní gbèsè ẹsẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀ ò dé ojú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti tún orí kẹta kọ. Ó gbé e sórí tábìlì ojú fèrèsé, ó padà sí tiẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọ̀sán ni o, oòrùn yọ, ẹyẹ ń pariwo níta. Ó gbọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn ẹ̀. Kírí. Kírí. Kírí. Ó gbọ́ tí ewé ṣí. Ó gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ bí ẹni tí gbólóhùn kan ò tẹ́ lọ́rùn. Irun ọrùn Tíṣà dìde, ó ń ka ènìyàn. Kò yíjú padà. Ó ní a kì í wo ẹni tó ń kàwé lójú, ó máa ń dà á rú. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Èmi gbà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rù pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀kọ́ ilé.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ dákẹ́, ó lọ wò ó. *Lẹ́tà tí kò rí èsì kò kú. Ó ń dúró ni. Ohun tó o fẹ́ sọ láti ewé kejì nìyẹn, ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Sọ ọ́. Tìẹ ni.*

Ọjọ́rú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àtúnṣe mọ́. Ó dáa síbí, ó dáa sọ́hùn-ún, kọ́mà kan ṣoṣo. Àmọ́ nísàlẹ̀ ewé tó kẹ́yìn: *Mo ti ka tìẹ. Ìgbà wo lo máa ka tèmi?*

Òfin kúkú ni. Ka tèmi, kí n ka tìẹ. Tíṣà mú bírò pupa, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: *Ẹ gbé e wá, Mà. Mo ṣèlérí.* Ẹ má bi mí bó ṣe mọ̀ pé "Mà" ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bèèrè ojú ewé báyẹn, ìyá ẹnìkan ni.

Ọjọ́bọ̀, ó dé, kò bá ìwé tó ń retí lórí tábìlì. Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tiẹ̀ nìkan ló wà níbi tó fi í sí, àyè òǹkàwé ṣófo. Ó jókòó sí àga ojú fèrèsé pé kóun dúró díẹ̀. Fáànù ń ké. Ó ti máàkì ìwé àádọ́ta ọmọ láàárọ̀ yẹn. Oorun gbé e lọ.

Ó lálàá pé òun ń kàwé. Ọwọ́ pẹ́ńsùlù ni, ewé lórí ewé, ó dùn débi pé àyà ń ro ó. Ó ń fi bírò ẹ̀ kọ nǹkan sí etí ìwé, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ibí yìí dáa.

Nígbà tó jí, aago márùn-ún ti lù. Kò sí ìwé lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bírò pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìdérí ẹ̀ ti ṣí, yíǹkì sì ti yí ìka ẹ̀ méjì. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà níwájú ẹ̀. Wọ́n ti buwọ́ lù ú, pẹ́ńsùlù wẹ́wẹ́. Àtẹ̀gùn òkè kẹta, èrò mi ni pé mẹ́ta mẹ́ta ló ń fò ó bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta àbọ̀. Tíṣà gbé orí kẹta àti fọ́ọ̀mù síwájú Màmá Òǹtẹ̀. Màmá Òǹtẹ̀ gbé òǹtẹ̀ sókè.

"Pẹ́ńsùlù? Ta ní ń fi pẹ́ńsùlù buwọ́ lùwé? Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n sọ fún ọ pé ibí ni?" Ó gbé fọ́ọ̀mù sún mọ́ iná. Òǹtẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, kò sì wá a. "Ọmọ mi, níbo lo ti rí ọwọ́ yìí?"

"Òǹkàwé mi ni, Mà. Ó máa ń jókòó sí ojú fèrèsé."

"Ó máa ń jókòó síbẹ̀ lóòótọ́." Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn."

Ó wá sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni obìnrin náà, àgbà bí i Tíṣà, Alápẹ́ńsùlù ni wọ́n ń pè é. Kì í fi bírò kọ nǹkan kan. Ó ní àwọn tí kì í ṣàṣìṣe ló ni yíǹkì. Ó ka ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá gbé orí wá, á kà á, á buwọ́ lù ú. Nígbà tó kan tiẹ̀, kálukú ti gboyè lọ. Kò rẹ́ni kà á.

"Ó ṣe mí láàánú. Èmi tí mo ń sọ òfin, mo gba ìwé ẹ̀ láìní ìbuwọ́lùwé. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí fọ́ọ̀mù náà, àyè òǹkàwé ṣófo bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Mo ki gbogbo ẹ̀ sínú àpò ìwé, mo lẹ̀ ẹ́, mo lu òǹtẹ̀ lé ẹnu ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ki í sínú dúrọ́ọ̀, ó lóun máa kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, á wá dúró síbi tó o dúró sí yìí: 'Màmá, ṣé wọ́n ti kà á?' Oṣù mọ́kànlá. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, kò wá mọ́."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi wọlé. Òun náà ni alábòójútó Tíṣà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, onígíláàsì, tó máa ń sọ "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ "ẹ káàsán". Ó mú fọ́ọ̀mù. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Tíṣà, kí lèyí? Ìbuwọ́lùwé òkú lo jí?"

"Rárá o, Sà! Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"O mọ ohun tí òfin sọ. Mi ò ní nǹkan tí mo lè ṣe sí i. Wọ́n máa lé ọ."

Tíṣà di tábìlì mú. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Màmá Òǹtẹ̀ dìde. Ẹ ò tíì rí i kó dìde rí. Ó ga ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan. Tó bá jí ọwọ́ yẹn, níbo ló ti rí i jí? Àwọn ẹbí obìnrin yẹn kó gbogbo ìwé ẹ̀ lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ ẹ̀ kù sí nínú ilé yìí ni dúrọ́ọ̀ yín."

"Ṣé... mi ò rò pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Èyí tó kéré jù ni, Sà. Ẹ̀gbẹ́ ti mọ́tò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń rí i."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọ́fíìsì ẹ̀. Dúrọ́ọ̀ náà rojọ́ kó tó ṣí. Àpò ìwé yọ, eruku bò ó, òǹtẹ̀ aláwọ̀ elésè-àlùkò wà lẹ́nu ẹ̀ gbágbágbá, ìlà kan ò yẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n ṣí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n dì í mú, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fi àwòrán ara ẹ̀ hàn.

"Mo ti ń fẹ́ kà á," ló wí.

"Mo mọ̀, Sà," Màmá Òǹtẹ̀ dá a lóhùn. "Òun náà mọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi abẹ́ ya ẹnu ẹ̀. Òórùn igi pẹ́ńsùlù gba gbogbo yàrá, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó gbé ewé àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù Tíṣà. Ọwọ́ kan náà ni. Ó jókòó.

"Èèyàn ò lè jí ohun tí kò rí rí," ló sọ. "Mú fọ́ọ̀mù ẹ wá." Ó buwọ́ lù ú. Màmá Òǹtẹ̀ ti rá bàbà wá òǹtẹ̀ ẹ̀ dé. Gbàù! Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orí kẹta wọlé. Omijé àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú Tíṣà, kò mọ èyí tó máa nù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì, ó nu gíláàsì ẹ̀. "Lónìí ni mo máa ka tiẹ̀ náà. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ dúró ná, Sà," ni Màmá Òǹtẹ̀ wí. "Òfin lòfin. Kò rí òǹkàwé. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣófo, èmi fúnra mi ni mo ki í sábẹ́ ìwé." Ó fa fọ́ọ̀mù ìyeyè náà yọ nísàlẹ̀ pátápátá, ó na án sí wọn kí wọ́n rí i.

Orúkọ Tíṣà ló wà ní àyè òǹkàwé, bírò pupa, déètì àná.